Ògiri Àbẹ̀ní ní Òṣogbo

Bí ẹ bá wọ agboolé ọkọ wa ní Ìlá nígbà tí ìyálé mi ṣì wà láyé, ẹ kò ní béèrè iye ọmọ tí a bí. Lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ ó ti kà á. Àmì kan, ọmọ kan. Ti àkọ́bí ló wà lókè pátápátá, ti àbíkẹ́yìn wà nísàlẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ ti máa ń fara nu ògiri, tí a ó máa lé e, tí kò ní gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo Ìlá ló ń ṣe é o. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èmi Kàdíjátù purọ́ mọ́ ìlú. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Nínú tiwa, ìyá ọkọ wa ló bá a nílé, òun ló sì fi lé ìyálé mi lọ́wọ́. Bí Iléyá bá ku nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ìyálé ilé yóò fi omi fọ ti èṣí kúrò pátá, yóò rẹ́ ògiri náà kó dán, yóò wá tún àmì àwọn ọmọ tó wà láàyè kọ sí i. Ọmọ tó bá kú láàárín ọdún, a kì í kọ tirẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ ó kàn rí i pé àwọn yòókù ti sún sókè. Ìyá ọkọ wa ní tí òkú bá jókòó sáàárín alààyè lójú ògiri, kò ní sinmi, kò sì ní jẹ́ kí àwọn tó jókòó tì í sinmi.

Àbẹ̀ní ni orúkọ ìyálé mi, ìyá Àsíìsì. Mẹ́rin ló bí, èmi bí márùn-ún. Ràsákì télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọjà, ni ọkọ àwa méjèèjì. Ó ti lọ tipẹ́, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo kàwé dé kíláàsì kẹta kí bàbá mi tó mú mi kúrò. Àbẹ̀ní kò wọ ọgbà ilé ìwé rí, àfi ọjọ́ tó lọ bá tíṣà kan jà nítorí ọmọ.

Ọjọ́ kẹta tí mo wọlé ọkọ, ó gbé kùùkù àgbàdo fún mi, ó ti tì í bọ inú èédú tí a fi omi pò.

“Ìyàwó, fa ìlà kan kí n rí i.”

Mo fà á. Ó dúró sí ọ̀tún wò ó, ó dúró sí òsì wò ó.

“Ìlà yìí ti mutí,” ó ní. “Máa gún èédú.”

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi gún un. Èédú ni dúdú, ẹfun ni funfun, ilẹ̀ pupa ọ̀nà Òkè-Ìlá ni pupa. Omi èèpo igbá, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, la fi ń po gbogbo rẹ̀ kó lè dì mọ́ ara ògiri. Ìka ọwọ́, ìyẹ́ adìyẹ àti kùùkù àgbàdo ló fi ń kọ ọ́. Kì í sì í fi ẹnu lásán dá àmì fún ọmọ. Bí wọ́n ṣe bí ọmọ náà ló ń kọ. Fàrúkù tèmi jẹ́ ìlà kọ́lọkọ̀lọ, nítorí ojú ọ̀nà oko ni mo bí i sí. Àsíìsì, àkọ́bí rẹ̀, jẹ́ àmì róbótó tó ní ìlà mẹ́ta nínú: róbótó ni ikùn, ìlà mẹ́ta ni ọjọ́ mẹ́ta tó fi rọbí rẹ̀. Awakọ̀ ni Àsíìsì, bọ́ọ̀sì Ìlá sí Iléṣà ló ń wà, ìyá rẹ̀ a sì máa fi àmì yẹn bá a ṣeré.

“Ìwọ tó o fi ọjọ́ mẹ́ta wo ojú ọ̀nà kó o tó jáde, ìwọ náà lo wá ń sáré lórí títì.”

“Ìyá, mò ń san án padà ni,” Àsíìsì á ní.

Ní ọdún 2023 ni Moríyọ̀ wá sílé wa. Ọmọ Tíṣà Joseph aládùúgbò wa ni, ìdílé oníṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàwé nípa iṣẹ́ ọnà, ó wá rí iṣẹ́ sí ilé kan ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn jọ sí kí àlejò máa wá wò ó. Wọn kò tíì fún un ní ìwé pé iṣẹ́ náà ti di tirẹ̀. Wọ́n ṣì ń wò ó ni. Ló bá lọ rọ ọ̀gá rẹ̀ títí, ó ní kí wọ́n mọ ògiri amọ̀ kan sínú ilé náà, kí Àbẹ̀ní ará Ìlá wá kùn ún.

“Ilé ta ni?” ìyálé mi bi í.

“Ilé gbogbo èèyàn ni, Màmá.”

“Ilé gbogbo èèyàn. Ìyẹn ni pé kò ní obìnrin. Màá wá bá wọn kùn ún.”

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Iṣẹ́ èédú mi, nínú ike ni mo dì í fún un, ibà kò jẹ́ kí n tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé, mo bi í pé kí ló kọ sí ògiri wọn.

“Kí ni kí n kọ? Ọmọ ta ni mo mọ̀? Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni mo kọ.”

Báyìí ni àwọn ọmọ wa mẹ́sàn-án ṣe wà lójú ògiri ní Ìlá, tí wọ́n sì wà lójú ògiri ní Òṣogbo.

Nínú ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, àrùn ẹ̀dọ̀ pa Àsíìsì. Kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ láti ìgbà tó ti ní ikùn ń wú òun. Ìyá rẹ̀ kò sunkún lójú èèyàn. Ó ń dá àwọn tó wá kí i lóhùn pé Ọlọ́run ló ni ín, á sì béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti jẹun. Àmọ́ èmi tí mò ń sùn sí yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé kò tún dárúkọ Àsíìsì mọ́. “Ẹ̀gbọ́n Bàrákátù” ló ń pè é, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọmọ rẹ̀ kejì, bí ẹni pé òun alára kò lórúkọ.

Iléyá wá ń bọ̀. Ó fọ ògiri wa, mo gún èédú, ó kọ ọmọ mẹ́jọ sí i. Àmì Bàrákátù bọ́ sókè. Nígbà tó parí, ó fọ ọwọ́, ó nu ún sí ìró rẹ̀.

“Ó ku ti Òṣogbo,” ó ní.

“Èwo ni ti Òṣogbo, Ìyálé?”

“Ògiri mi tó wà níbẹ̀. Ọmọ yẹn ṣì wà lójú rẹ̀. Àjèjì ń wọlé, àjèjì ń jáde, wọ́n ń wò ó. Kò lè sinmi bẹ́ẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀bi tèmi wà. Mo rò pé ó ti bá Moríyọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù. Moríyọ̀ rò pé a kàn fẹ́ wá ṣeré wo ògiri náà ni. Àbẹ̀ní ní tirẹ̀ kò rò ó rárá, nítorí nínú ayé rẹ̀, ta ni obìnrin ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tún ògiri ara rẹ̀ kùn?

A wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ ní gáréèjì Ìlá. Àpò ràbà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kékeré kan sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Awakọ̀ ń wo kẹ́ẹ̀gì náà.

“Ìyá, ṣé kì í ṣe bẹntiróò lẹ gbé wọnú ọkọ̀ mi?”

“Omi èèpo igbá ni. Bí ọkọ̀ rẹ bá ya lójú ọ̀nà, màá fi rẹ́ ẹ fún ọ.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Láti Ìlá títí dé Ìkirun, ìta ló ń wò.

Moríyọ̀ dúró dè wá ní Òṣogbo. Ó ní ọ̀gá òun ní àlejò títí di ọ̀sán, kí òun kọ́kọ́ mú wa rìn yí ìlú ká. Òṣogbo yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ìlú tí wọ́n ń fi ilé gbogbo kó iṣẹ́ ọnà pamọ́ ni. Ilé kìíní tí a wọ̀, kìkì aṣọ aláró ni wọ́n fi kọ́ ara ògiri láti òkè délẹ̀. Àbẹ̀ní ti mú etí ọ̀kan, ó ń wo inú rẹ̀ bóyá aró náà wọlé dáadáa.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fọwọ́ kàn án,” obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wí.

“Ẹ má bínú. Ìgbà wo lẹ fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?”

“A kì í fọ̀ ọ́, Màmá. Ìyẹn ti lé ní ogójì ọdún níbẹ̀.”

Ìyálé mi yíjú sí mi. Ó rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́: “Ogójì ọdún, wọn ò fọṣọ.”

Nínú ilé kejì, inú àpótí gíláàsì ni gbogbo nǹkan wà: ìlẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, odó, àpótí ìjókòó, ooyà onígi. Ooyà yẹn ló dá a dúró. Ó ní irú rẹ̀ gan-an ni ìyá òun fi ń dirun fún òun.

“Ta ló ń fi yarun níbí?”

“Kò sẹ́ni, Màmá,” Moríyọ̀ dáhùn. “Wọ́n fi pamọ́ kó má bàa yí padà ni.”

“Kí ló dé tí kò fi gbọdọ̀ yí padà?”

Moríyọ̀ ronú díẹ̀. “Kí ẹni tí kò bá a láyé lè rí i.”

Àbẹ̀ní mi orí. N kò mọ̀ bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Ó ní ebi kò ní pẹ́ pa òun báyìí, kí a máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn la rin òpópónà kan tí àwòrán kún ara ògiri rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ojú obìnrin kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju ilé wa lọ. Èèyàn méjì lè jókòó sínú ihò imú rẹ̀ kí wọ́n ta ayò. Ẹyẹ wà níbẹ̀, ẹja tó wọ bàtà wà níbẹ̀. Níwájú díẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan dúró lórí àkàbà, ó ń fi ọ̀bẹ ha àwòrán kan kúrò. Moríyọ̀ mọ̀ ọ́n, Babáyẹmí lorúkọ rẹ̀.

“Iṣẹ́ ta lo ń pa rẹ́ yẹn?” Àbẹ̀ní nàgà bi í.

“Ẹ káàsán, Màmá. Iṣẹ́ èmi náà ni. Èṣí ni mo yà á, oòrùn ti jẹ ẹ́ tán. Mo fẹ́ ya òmíràn.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín ìyálé mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ó tú àpò, ó fún un ní àkàrà tó ṣẹ́kù nínú oúnjẹ ọ̀nà wa.

“Ọmọ yìí ní ìyá nílé,” ó sọ fún Moríyọ̀. “Ó kúkú ṣe é dáadáa. Èmi náà, bí mo ṣe máa ṣe tèmi nìyẹn.”

Moríyọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú ọmọ náà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá létí rẹ̀ lásán ni. Ó yẹ kí n sọ nǹkan. Ẹsẹ̀ ló ń ro mí, n kò sọ ọ́.

Nígbà tí a dé ilé iṣẹ́ Moríyọ̀, ògiri náà wà nínú yàrá ńlá tó tutù, wọ́n na okùn pupa síwájú rẹ̀. Páálí kékeré kan tí wọ́n kọ̀wé sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹfun rẹ̀ ti ń bó díẹ̀díẹ̀, jàǹkáríwọ̀ ti ta sí igun. Síbẹ̀, ó wà. Àmì mẹ́sàn-án wà níbẹ̀, èyí tó ní ìlà mẹ́ta sì wà lókè téńté. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń na ìka sí i.

Mo ní kí a lọ kí ìrun àìlà ná. Àbẹ̀ní ní kí n ṣáájú. Moríyọ̀ mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó bu omi àlùwàlá fún mi, ó lọ wo àwọn àlejò ọ̀gá rẹ̀. Mo kírun tán, mo jókòó díẹ̀ nítorí orúnkún mi. Mo gbọ́ tí Moríyọ̀ sọ “Màmá” nínú yàrá yẹn. Kò pariwo. Síbẹ̀, mo dìde.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìyálé mi wà nínú okùn pupa, aṣọ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ògiri náà sì ti di amọ̀ lásán láti òkè délẹ̀. Omi pupa ń ṣàn lọ sílẹ̀. Ó ti ṣí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó ti to ẹfun sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ẹ fún mi láyè díẹ̀,” ó ní. “Tí ó bá fi máa di àlásárì, á ti gbẹ.”

Moríyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí, wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó ń lo awò ojú, tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó kí wa kó tó wo ògiri. Ó wá wò ó.

“Màmá, kí lẹ ṣe báyìí?”

“Mo fọ ara rẹ̀ ni. Ó ti gbó.”

“Màmá, ohun tó bá ti wọ ibí, a kì í yí i padà mọ́.”

“Iṣẹ́ mi kọ́ ni?”

“Iṣẹ́ yín ni.”

“Ó dáa. Mo wà láàyè, mo dé, mo fẹ́ tún un ṣe. Èwo ló wá ṣòro níbẹ̀?”

Ọkùnrin náà yíjú sí Moríyọ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ lédè Òyìnbó. Kíláàsì mẹ́ta tí mo kà kò gbé mi jìnnà, ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ tó mi. Ìgbìmọ̀ ilé náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Iwájú wọn ni wọn ó ti fọwọ́ sí ìwé Moríyọ̀. Ògiri yìí ni iṣẹ́ tí ọmọ náà ní tó fi lè sọ pé ohun tí òun ṣe nìyí. Bí wọ́n bá dé tí wọn kò bá a bó ṣe wà, òun kò ní lè gbèjà rẹ̀.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyálé mi. Ó ju aṣọ tútù náà sínú ike. Mo rí i tó ń wo Moríyọ̀ nílẹ̀.

“Dìde, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù,” ó ní.

Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí lọ gbé fọ́tò ńlá kan wá, ògiri náà bó ṣe wà ní èṣí ló wà nínú rẹ̀. “Màmá, ṣé ẹ lè dá a padà sí bó ṣe wà yìí? Gẹ́lẹ́?”

Ó gba fọ́tò náà. Ó gbé ìka lé àmì òkè.

“Eléyìí ti kú,” ó ní. “Ọmọ mi ni. Inú ọyẹ́ ló kú. A kì í tún ti òkú kọ. Òun ni mo tìtorí ẹ̀ wá láti Ìlá.”

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. N kò mọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí Màmá kọ mẹ́jọ, sà,” Moríyọ̀ wí. “Èmi ni mo mú wọn wá. Bí ìgbìmọ̀ bá béèrè, màá ṣàlàyé fún wọn.”

“Wọ́n á ní ṣé o kò lè ṣọ́ ògiri kan ni.”

“Kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀, sà. Mi ò lè ní kí Màmá kọ ọ́.”

“Moríyọ̀, ta ló bi ọ́?” Àbẹ̀ní dá sí i. “Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Màmá.”

“Èmi ni mo nu ògiri, ìwọ lo fẹ́ pàdánù iṣẹ́. Irú ẹjọ́ wo nìyẹn? Ògiri ń bọ̀ lọ́dọọdún. Iṣẹ́ olóṣù kì í bọ̀ bẹ́ẹ̀.” Ó yí sí mi. “Ìyàwó, gún èédú.”

Mo gún un. Èédú ni mo mọ̀ ọ́n gún.

Ó rẹ́ ògiri náà kó dán. Ó kùn ún ní ilẹ̀ pupa, ó jókòó tì í títí omi rẹ̀ fi fà. Èmi ni mo di fọ́tò mú. Ní ilé, òkè ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, lára àkọ́bí, á wá máa sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àbíkẹ́yìn tèmi ló kọ́kọ́ kọ, ó ń gòkè bọ̀, Fàrúkù, àwọn tèmi tó kù, àwọn tirẹ̀. Moríyọ̀ ń bu omi. Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí ti ilẹ̀kùn yàrá náà kí àlejò má wọlé, ó sì fúnra rẹ̀ gbé àpótí tí ìyálé mi máa gùn wá.

Nígbà tó ku ti òkè nìkan, ó dúró lórí àpótí, ó gbé ọwọ́ sókè, kò fi kan ògiri.

“Ìyálé, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́,” mo ní. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń gún èédú fún un, n kò sọ irú rẹ̀ rí.

“Tìẹ á mutí.”

Moríyọ̀ rẹ́rìn-ín láìmọ̀, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ìyálé mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá ti ìka bọ inú ẹfun, ó fa róbótó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò wo fọ́tò. Ó fa ìlà kìíní. Ó fa ìkejì. Ó pẹ́ kó tó fa ìkẹta. Mo di ìró rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú. Ó fà á, ó gún régé bí àwọn yòókù.

“Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé ti Àsíìsì,” ó ní.

Láti inú ọyẹ́, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀.

A jókòó ká máa dúró kó gbẹ. Moríyọ̀ lọ ra búrẹ́dì àti mílíìkì fún wa. Nígbà tí oòrùn ti ń rẹlẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí gbé fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo eléyìí, ó ń wo tọ̀hún.

“Kò yàtọ̀,” ó ní. “Ẹ ṣeun, Màmá.” Ó wá yọ páálí kékeré yẹn kúrò, ó mú bírò lápò. “Ó ku kí n yí ọjọ́ inú rẹ̀ padà sí tòní. A ò lè kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ síbẹ̀.”

“Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?” ìyálé mi béèrè. “Ìyàwó, kà á fún mi.”

Mo gbà á, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e. Àbẹ̀ní, ará Ìlá-Ọ̀ràngún. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2023.

“Ọjọ́ yẹn,” ó ní, “níbo ni Àsíìsì wà?”

Mo ronú. “Ọjọ́ tí ẹ ti ibí dé ni. Òun ló fi bọ́ọ̀sì lọ pàdé yín ní Ìkirun. Ó ra ẹja wá. Ẹ ní ẹja náà ti rùn.”

“Ó rùn lóòótọ́.”

Ìyálé mi gba páálí náà lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe máa ń yẹ ìlà wò, ó wá nà án padà sí Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí.

“Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ yẹn, mẹ́sàn-án ni wọ́n.”

Ọkùnrin náà yí páálí náà dà, ó kọ ọjọ́ tòní sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, ó sì dá a padà sára ògiri pẹ̀lú ojú rẹ̀ àtijọ́ níta. Ó ní ìyẹn tó òun.

Ìgbìmọ̀ dé lọ́jọ́ Ajé. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, Moríyọ̀ ti gba ìwé rẹ̀. Ó pè wá lórí fóònù, ìyá rẹ̀ ń kọrin lẹ́yìn débi pé a kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Iléyá ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn, oṣù mẹ́ta kí Ọlọ́run tó pe Àbẹ̀ní, a tún fọ ògiri ilé, ó tún kọ ọmọ mẹ́jọ sí i. Mo bi í bóyá kí n tún gún èédú ti Òṣogbo sílẹ̀.

“Ti kí ni?” ó ní. “Fi wọ́n sílẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, wọ́n ṣì pé.”